Ọ̀rọ̀-Ìṣe Àsìkò Tó Ti Kọjá àti Ọ̀rọ̀-Atọ́kùn Nínú Gẹ̀ẹ́sì Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì máa ń yí padà láti fi àsìkò tó ti kọjá hàn: "arrive" á di "arrived". "Dé" ti Yorùbá kì í yí padà, kò sì nílò atọ́kùn: "Adé dé Èkó lánàá." Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ "Ade arrived Lagos", tí ó fo "in". Ní òdìkejì, "béèrè fún" ló ń bí "requested for", bẹ́ẹ̀ "requested" kò gba atọ́kùn. Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ gba àsìkò. Atọ́kùn ló ṣì. Olùkọ́ tó bá fagi lé odindi gbólóhùn láìṣàlàyé ń fìyà jẹ ẹni tó mọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú atọ́kùn rẹ̀ ni kí a jọ máa kọ́ wọn.