Gbèsè, Ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ àti Ilé Onígbèsè

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Olùdájọ́ òdodo. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo sọ fún ara mi, mo sì sọ fún yín: ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan wá bá mi lẹ́yìn ìrun àsárì. Ilé-ẹjọ́ ti dájọ́ pé kí bàbá rẹ̀ san owó ọjà tí ó gbà ní àwìn. Owó kò sí lọ́wọ́ bàbá, ṣùgbọ́n ó ní ilé kan. Àwọn ẹbí wá gbà á nímọ̀ràn pé kí ó tètè fi ilé náà ta ọmọ lọ́rẹ, kí olówó má baà rí nǹkan mú. Ọmọ náà bi mí pé, “Àfáà, ṣé ó tọ́ lójú ẹ̀sìn?” Mo ní kò tọ́.

Èkíní, ẹ jẹ́ kí á mọ ohun tí òfin ìlú sọ. Ìdájọ́ gbèsè kì í gba ilé lọ́wọ́ onígbèsè lọ́jọ́ tí adájọ́ bá sọ̀rọ̀. Ní Nàìjíríà, ohun ìní tó ṣeé gbé ni akódà ilé-ẹjọ́ kọ́kọ́ ń mú. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹni tó jàre gbọ́dọ̀ padà lọ tọrọ àṣẹ kí wọ́n tó lè fọwọ́ kan ilé tàbí ilẹ̀. Bí ilé-ẹjọ́ bá gbà, wọn yóò gbẹ́sẹ̀ lé ilé náà, wọn yóò sì tà á ní gbàǹjo. Bí àṣìṣe ńlá bá wà nínú títà náà, tí ó sì pa onílé lára, ọjọ́ 21 ni ó ní láti fi bẹ ilé-ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó débẹ̀, onígbèsè lè tọrọ pé kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tààrà nìyẹn. Ẹ̀bùn tí a fi sá fún gbèsè, ilé-ẹjọ́ lè tú u ká.

Èkejì, ẹ̀sìn wa ti sọ ọ́ ṣáájú. Wọ́n gbà á wá pé Ànábì ta ohun ìní Muʿādh ọmọ Jabal láti fi san gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni sàábé pàtàkì ni. Nínú ìlànà Imam Mālik tí àwa ń tẹ̀lé, ẹni tí gbèsè ti yí gbogbo ohun ìní rẹ̀ ká kò ní ẹ̀tọ́ láti fi í tọrẹ.

Ẹ̀kẹta, ikú kì í pa gbèsè rẹ́. Suratu Nisai, āyà 11 àti 12, fi yé wa pé ẹ̀yìn àsọọ́lẹ̀ àti gbèsè ni ogún pípín. Ànábì kọ̀ láti kírun sí òkú onígbèsè kan lára títí Abū Qatādah fi gba gbèsè náà sọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ olóògbé, ẹ má pín yàrá kí ẹ tó bèèrè ẹni tí bàbá jẹ lówó.

Ẹ̀yin olówó, ẹ̀yin náà ní ìpín tiyín. Suratul Bakọrah, āyà 280, pàṣẹ pé kí á lọ́ra fún ẹni tí kò ní, ó sì ní bí a bá fi í sílẹ̀ ní sàárà, ó lóore jù. Àmọ́ ẹni tó ní, tó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, Ànábì pe ìṣe rẹ̀ ní àbòsí.

Nítorí náà, ẹ kọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Bí ìwé ilé-ẹjọ́ bá dé, ẹ má fi pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹ lọ bá olówó, ẹ bá a sọ òótọ́. Ilé lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni láyé. Ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn lọ́rùn ẹni lọ́run ni kí á bẹ̀rù.

Kí Ọlọ́hun bá wa san gbèsè wa, kí Ó má fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Āmīn.