Igbó àti Àrùn Wárápá

Bàbá kan tí wárápá máa ń gbé ọmọ rẹ̀ ṣánlẹ̀ bi mí léèrè bí òun bá lè bọ ewé igbó fún ọmọ náà mu, nítorí ó gbọ́ pé àwọn Òyìnbó ti ń fi í ṣe oògùn. N kò bá a wí, nítorí ohun tí ó gbọ́ kì í ṣe irọ́.

Ní ọdún 1839, oníṣègùn kan, William O'Shaughnessy, ará Ireland, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Íńdíà, dán igbó wò. Ẹranko ni ó kọ́kọ́ fún. (Ajá àti ẹlẹ́dẹ̀ tètè yó, ewúrẹ́ àti màlúù kò fi bẹ́ẹ̀ yó.) Lẹ́yìn náà ni ó fi oje rẹ̀ tọ́jú ọmọ-ọwọ́ kan tí gìrì mú, ọmọ náà sì yè. Láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ṣùgbọ́n agbára ìgò kan kì í bá ti èkejì dọ́gba. Ìwọ̀n tí kò ṣe aláìsàn ní nǹkan kan lónìí lè mú un dákú lọ́la. Ní ọdún 1932 a yọ ọ́ kúrò nínú ìwé oògùn wọn.

Ohun tí ó wà nínú igbó pọ̀. Ọ̀kan, tí à ń pè ní THC, ni ó ń pani bí ọtí, tí ó sì lè da orí ọ̀dọ́ rú. Òmíràn, cannabidiol, kì í mú ènìyàn yó. Èyí ni a yọ sọ́tọ̀, tí a sì pò mọ́ òróró. Ní ọdún 2018 ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún oríṣi wárápá líle méjì tí ó ń mú ọmọdé. Mílígíráàmù 2.5 fún kílógíráàmù ara ọmọ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. A sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò nítorí ẹ̀dọ̀. Kì í wo wárápá náà tán. Ó ń dín iye ìgbà tí ó ń dé kù ni.

Ẹni tí ó bọ ewé igbó nínú ìkòkò, kí ni yóò fi wọn èyí? Ọmọ kékeré tí ó bá jẹ igbó lè sùn títí mímí rẹ̀ yóò fi máa já. A ti rí irú ewu bẹ́ẹ̀ nínú àgbo ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà, tí ó ti pa ọmọ tí gìrì nìkan kì bá tí pa.

Bí gìrì tàbí wárápá bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ má fi ṣíbí ya ẹnu rẹ̀, ẹ má ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná, ẹ má sì fún un ní ohunkóhun mu. Ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.