Ọkọ̀ Alágbára, Ọwọ́ Ẹ̀sọ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ lọ sọ òwe yìí fún ẹni tó ń wa Dodge Charger ọdún 1969 lójú títì, kó fi yín rẹ́rìn-ín. Agbára ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Charger tí mo ní lọ́kàn kò gùn ju íńṣì mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Wẹ́wẹ́ ló jáde nínú páálí, ènìyàn ló sì máa jókòó tò ó pọ̀. Òwe náà kò ní ibùjókòó tó tún dára tó orí tábìlì tí a ti ń tò ó.

Muscle car ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ọkọ̀ alágbára bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ kò le: wọ́n mú bọ́dì ọkọ̀ tí kò tóbi jù, tí owó rẹ̀ kò kọjá apá ọ̀dọ́, wọ́n sì ki ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá bọ̀ ọ́ nínú. Ní ilé-iṣẹ́ Pontiac, John DeLorean àti àwọn ẹnjiníà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì V8 tó jẹ́ 389 cubic inch sínú ọkọ̀ wọn, Tempest ọdún 1964, wọ́n sọ ọ́ ní GTO. General Motors, tó ni Pontiac, ti ṣòfin pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó mọ níwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 330 lọ. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n gbà: wọn kò pè é ní ọkọ̀ tuntun, wọ́n ní àfikún lásán ni, oníbàárà tó bá fẹ́ kó béèrè. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà ni Ford fi Mustang han aráyé ní New York. Kò pẹ́ tí ọkọ̀ Camaro fi dé, tí Dodge àti Plymouth náà gbé ẹ́ńjìnnì Hemi 426 jáde, tí wọ́n kọ agbára ẹṣin 425 sí i lára.

Bí àwọn wọ̀nyí ti ń tu eruku lójú títì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tí kò tíì tó wakọ̀ ń to tiwọn lórí tábìlì. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ kékeré wọ̀nyẹn, AMT wà ní Troy, MPC wà ní Mount Clemens, Jo-Han wà ní Detroit gan-an, gbogbo wọn ní Michigan, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ gidi. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gidi ló kọ́kọ́ ń gbéṣẹ́ fún irú wọn: kí wọ́n ṣe ọkọ̀ kékeré tí olùtajà yóò fi han oníbàárà, kó lè rí bí ọkọ̀ ọdún tuntun àti àwọ̀ rẹ̀ ṣe rí. Inú iṣẹ́ yẹn ni AMT ti mú páálí àtòpọ̀ jáde ní 1958, tí ẹnìkan lè fi to ọkọ̀ kan náà sí oríṣi mẹ́ta. Bí a gúnyán nínú ewé, bí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹní máa yó á yó.

Odindi ọ̀sán Sátidé kan ni mo fi ba Charger mi àkọ́kọ́ jẹ́. Mo ṣí páálí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti tò ó, mo ti kùn ún. Ọ̀dà ṣàn wálẹ̀ lára ilẹ̀kùn bí omijé. Gíláàsì iwájú funfun báláú. Ìka mi sì wà lórí òrùlé rẹ̀ rekete, bí ẹni tẹ̀ka sí ìwé ilẹ̀. Mo gbé e lọ fún ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún to ọkọ̀ gidi ní ilé-iṣẹ́ kan nítòsí Detroit, tí yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ sì kún fún àwọn kékeré. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Àbúrò, ta ló ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, sà.”

“Ó dáa. Lọ ra òmíràn, kí o kọ́kọ́ fọ̀ ọ́.”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Òótọ́ ló ń sọ. Wọ́n máa ń fi nǹkan ọlọ́ràá pa mọ́ọ̀dù irin kí ike lè tètè bọ́ kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rá yẹn ni kì í jẹ́ kí ọ̀dà mú. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó ti tó. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ so mọ́ ọ̀pá ike bí èso tí ń so lẹ́ka. Ẹ má fọwọ́ já wọn o. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré gé e, kó ṣẹ́ kù díẹ̀, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ fá èyí tó ṣẹ́ kù, kí sáńpépà parí iṣẹ́. Ìlà tín-ín-rín kan tún wà níbi tí ojú mọ́ọ̀dù méjèèjì ti pàdé. Ẹ fá a kúrò, torí ọ̀dà kì í bo àléébù, ṣe ló ń kéde rẹ̀. Ọ̀bẹ tó mú ni kí ẹ lò. Èyí tó kú la máa ń fi agbára tẹ̀, òun ló ń yọ̀ tí ń gé ni lọ́wọ́.

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ẹ tó fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù, ẹ to gbogbo rẹ̀ ní gbígbẹ ná. Ṣé ẹ́ńjìnnì wọlé? Ṣé bónẹ́ẹ̀tì dé? Ṣé táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹlẹ̀? Gọ́ọ̀mù iṣẹ́ yìí kì í lẹ ike pọ̀ lásán, ó ń yọ́ ọ ni, kí ojú méjèèjì lè di ọ̀kan. Nítorí náà ẹ̀kán kan tó. Ibi tí wọ́n bá ti fi kúróòmù dán, ẹ fá dídán náà kúrò níbi tí gọ́ọ̀mù máa bá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í mú. Gíláàsì mi tó funfun ńkọ́? Super glue ni mo fi lẹ̀ ẹ́, èéfín rẹ̀ ló bà á jẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ló yẹ gíláàsì. Bó bá gbẹ tán, kò ní í hàn.

Ọ̀dà ló ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn láyò. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àkọ́kùn kò gbọdọ̀ bo ike tán, kó kàn dà bí ìrì lásán. Ẹ dúró kó gbẹ, kí ẹ tún un kùn, kí ẹ tún dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọ̀dà kí agolo rẹ̀ tó dé orí ọkọ̀, ẹ má sì dáwọ́ dúró àfi bó bá kọjá rẹ̀, torí ibi tí ọwọ́ bá ti dúró ni omijé ti ń ṣàn. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ bo imú. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, ọ̀dà lè hu funfun bí ẹni da eérú lé e. Ẹ̀yin tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn, ẹ dúró de ọ̀sán tí òjò kò ṣú. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá yín. Ẹ má retí pé kí ẹ̀gbọ́n yín ní Amẹ́ríkà fi ọ̀dà agolo ránṣẹ́ o, wọn kì í jẹ́ kó wọ bàálù. Ọ̀dà àwọn tó ń kun mọ́tò lẹ́bàá títì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ó le, ó lè jẹ ike tí a kò kọ́kọ́ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ bò. Ẹ dán an wò lára ọ̀pá ike tó ṣẹ́ kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ rírà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Páálí tí wọ́n fi ọ̀rá dì pinpin kì í ṣe ẹ̀rí pé ohun gbogbo pé síbẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìdìpọ̀ lè tún un dì. Ẹ ní kí olùtajà fi fọ́tò ẹ̀yà inú rẹ̀ hàn yín, àti ìwé ìtọ́ni àti sítíkà olómi. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi ara yín: ṣé kí n tò ó ni, àbí kí n tọ́jú rẹ̀? Mọ́ọ̀dù àtijọ́ kì í tètè kú. Ilé-iṣẹ́ Round 2, ní South Bend, Indiana, tún ń fi orúkọ AMT àti MPC tẹ ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ jáde, ìtúntẹ̀ sì lè rẹ owó páálí ìgbàanì sílẹ̀ lójijì. Ẹni tó fẹ́ tò ó, kó ra ìtúntẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú: Charger gidi gùn tó íńṣì 208, ní 1/25, ó di 8.3, ní 1/24, tí ilé-iṣẹ́ Monogram fẹ́ràn láyé àtijọ́, ó di 8.7. Ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ kan náà, ojú yín á máa sọ fún yín pé nǹkan kan kò dọ́gba. Èmi mú 1/25, mi ò wẹ̀yìn.

Ẹ ra ọ̀kan, ẹ tò ó tán, kí ẹ tó ra òmíràn. Mo mọ̀ pé n kò lẹ́nu láti sọ èyí: páálí 14 ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, mẹ́fà sì ni ìyàwó mi mọ̀.

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Táyà rírọ̀ inú àwọn páálí àtijọ́ ní èròjà kan tó ń mú un rọ̀, tó máa ń jò jáde, tó sì ń jẹ ike tó bá fara kàn. Ẹ fi táyà sínú ọ̀rá tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣí páálí. Ẹ má to àwọn ọkọ̀ tí ẹ ti tò tán sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé.

Lọ́wọ́lọ́wọ́, GTO 1964 kan wà lórí tábìlì mi, mo fi abọ́ ike dé e kí eruku má bà lé e. Ẹ̀gbọ́n ní ojú kì í mọ ọ̀dà tó gbẹ, imú ló ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ń rùn, kò tíì yá. Mo ṣí i lálẹ́ àná, ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, mo sún mọ́ ọn, mo fi imú fà á. Mo dé e padà.