Ẹ̀KỌ́ KẸTÀLÁ: TA NI Ó YAN ẸNI TÍ Ó WÀ LẸ́YÌN ÀMÌ ẸGBẸ́?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ bí a ṣe ń dìbò. A ó tò lórí ìlà, a ó gba ìwé ìbò, a ó tẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ àmì ẹgbẹ́ tí a fẹ́. Àmì ẹgbẹ́ ni ó wà lórí ìwé ìbò wa, kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan lónìí: ta ni ó yan ẹni tí ó wà lẹ́yìn àmì náà? Nígbà wo ni wọ́n yàn án? Ṣé wọ́n bi wá léèrè?

1. BÀBÁ ÀTI ỌMỌ IṢẸ́ RẸ̀

Ìtàn àpẹẹrẹ ni ìtàn yìí, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ pọ̀ láàrin wa.

Ọjà Ládìpọ̀ wà ní Mushin, ní ìlú Èkó. Ẹ̀yà ara mọ́tò ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀, iná iwájú, ilẹ̀kùn mọ́tò, kò sí ohun tí a kò lè rí rà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí ó ń ta ẹ́ńjìnnì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ti gba fírídọ̀mù, ó sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2022, ọmọ náà wá kí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Ọjà á tà o."

"Àmín, sà. Ṣùgbọ́n ojú yín kò dùn lónìí."

Bàbá fa káàdì kan yọ nínú àpò rẹ̀. Ó ti fi ọ̀rá wé e kí omi má baà bà á jẹ́.

"Ṣé o rí káàdì yìí? Káàdì ẹgbẹ́ wa ni. Bàbá mi wà nínú Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀. Ní 1979 ni mo kọ́kọ́ dìbò, UPN ni mo sì dìbò fún. Ní 1993, ẹlẹ́ṣin, SDP, ni mo dìbò fún. Láti 1999, AD ni, ó di AC, ó di ACN, ó di APC. Orúkọ ń yí padà, èmi kò yí padà."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Kí wá ni ó ń dùn yín?"

"Ènìyàn wa méjì ni ó ń du ipò kan náà. Tinúbú ni gómìnà wa láti 1999 sí 2007. Ọ̀ṣínbàjò ni ó fi ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìdájọ́. Lónìí, Ọ̀ṣínbàjò ni igbákejì ààrẹ, àwọn méjèèjì sì fẹ́ jẹ ààrẹ. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? Àti pé bí mo bá tilẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́, ta ni yóò bi mí? Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti ń dìbò. Ìgbà tí a bá fẹ́ dìbò ni wọ́n ń wá mi. Ìgbà tí a bá fẹ́ yan ẹni tí a ó dìbò fún, wọn kì í wá mi."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kò dé inú.

"Ti yín tilẹ̀ sàn, sà. PDP ni èmi ń bá lọ. Peter Obi ni mo fojú sí lára. Ó ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ báyìí, nígbà tí ìbò abẹ́lé ku ọjọ́ díẹ̀. Ó ti lọ sí Labour Party. Mi ò mọ̀ bóyá kí n tẹ̀ lé e, tàbí kí n kúkú jókòó sílé."

"Má jókòó sílé, ọmọ mi. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó ti sú èmi náà."

2. KÍ NI ÌBÒ ABẸ́LÉ?

Kí ìbò gbogbo ìlú tó dé, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ yan ẹnì kan ṣoṣo tí yóò dúró fún un. Yíyàn yìí ni à ń pè ní ìbò abẹ́lé. Ní ọdún 2022, òfin ìbò gba ọ̀nà mẹ́ta láyè.

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀nà tààrà. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò jáde ní wọ́ọ̀dù wọn láti yan ẹni tí wọ́n fẹ́. Ọ̀nà yìí ni APC gbà ní Èkó ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2018. Gómìnà Ambọ̀dé wà lórí àga nígbà náà, ó sì fẹ́ padà. Sanwó-Olú ni ó borí rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀nà aṣojú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò yan àwọn aṣojú díẹ̀. Àwọn aṣojú wọ̀nyí ni yóò lọ sí ìpàdé ńlá ẹgbẹ́ láti dìbò ní orúkọ àwọn yòókù.

Ọ̀nà kẹta ni ìfohùnṣọ̀kan. Gbogbo àwọn tí ó ń du ipò yóò gbà, wọn yóò sì fi ọwọ́ sí ìwé, pé kí ẹnì kan ṣoṣo dúró.

Òfin a máa yí padà. Nítorí náà, kí ìbò kọ̀ọ̀kan tó dé, ẹ béèrè èyí tí òfin gbà láyè ní àkókò náà.

3. OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ỌDÚN 2022

Ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì, APC àti PDP, gba ọ̀nà aṣojú ní ọdún náà. Abuja ni àwọn méjèèjì ti ṣe ìpàdé wọn.

PDP ṣe tiwọn ní ọjọ́ 28 sí 29 oṣù Karùn-ún. Atiku Abubakar ní ìbò 371. Nyesom Wike ní 237.

APC ṣe tiwọn ní ọjọ́ 6 sí 8 oṣù Kẹfà. Bọ́lá Tinúbú ní ìbò 1,271. Rotimi Amaechi ní 316. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ní 235.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe pín àwọn aṣojú. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ó wà ní Nàìjíríà. APC mú aṣojú mẹ́ta láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. PDP mú ẹyọ kan. Ó túmọ̀ sí pé ní gbogbo Mushin, pẹ̀lú gbogbo èrò tí ó wà ní Ládìpọ̀ àti ní Ìdí-Oró, ènìyàn mẹ́ta ni ó lọ dìbò fún APC, ẹnì kan ni ó sì lọ fún PDP. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní gbogbo Nàìjíríà lé ní 93,000,000. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì, bí a bá kó wọn pọ̀, kò tó 4,000.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Fọ́ọ̀mù tí olùdíje APC gbọ́dọ̀ rà ní ọdún náà jẹ́ ₦100,000,000. Ti PDP jẹ́ ₦40,000,000. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ ní ìgbà náà jẹ́ ₦30,000. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá jẹun, tí kò wọ ọkọ̀, tí kò san owó ilé, ó ní láti ṣiṣẹ́ ju ọdún 277 lọ kí ó tó lè ra fọ́ọ̀mù APC.

4. ÌDÍ TÍ Ó FI Ń SÚ ÈNÌYÀN

Ìṣirò yìí nìkan tó láti mú kí ọ̀rọ̀ sú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà.

Ọ̀kan ni owó. Ní ọdún 2022, ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé wọ́n ń ná dọ́là fún àwọn aṣojú. Bí aṣojú bá ta ìbò rẹ̀, kì í ṣe ìbò tirẹ̀ nìkan ni ó tà. Ó ta ti gbogbo àwọn tí ó rán an níṣẹ́.

Èkejì ni ìjà láàrin àwọn ọ̀gá. Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1962, Awólọ́wọ̀ àti Akíntọ́lá jà nínú Action Group. Ilé kan ṣoṣo di méjì, ọ̀rẹ́ di ọ̀tá. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀, tí wọn kò mọ ìdí ìjà, ni ó jìyà jù. Lẹ́yìn ìbò abẹ́lé ọdún 2022 pẹ̀lú, Wike àti àwọn gómìnà mẹ́rin mìíràn bínú sí ẹgbẹ́ wọn, PDP. Ìjà náà kò parí títí ìbò fi dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìdíje ni ó ń fa ìjà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1993, ní ìlú Jos, MKO Abíọ́lá borí Babagana Kingibe nínú ìbò abẹ́lé SDP. Lẹ́yìn náà ni Abíọ́lá mú Kingibe ṣe igbákejì rẹ̀. Wọ́n jùmọ̀ jáde lọ sí ìbò 12 oṣù Kẹfà, ìbò tí ìjọba ológun fagi lé ní ọjọ́ 23 oṣù náà.

Ìdí kẹta ni pé àwa fúnra wa sọ ẹgbẹ́ di ìdílé. Ẹni tí a bí ní ìdílé kan kò lè kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kò rí bẹ́ẹ̀. Ó dà bí àjọ èsúsú. A wọ inú rẹ̀ nítorí pé a fẹ́ kí ó ṣe nǹkan fún gbogbo wa. Bí olórí àjọ bá ń náwó wa, a ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Bí kò bá dáhùn, a lè kó ẹrù wa jáde. Ẹni tí ó béèrè kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀.

5. KÍ NI A LÈ ṢE?

(i) Ẹ mọ̀ bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé ẹgbẹ́. Òfin ìbò ti 2022 ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí àjọ INEC kí ó tó ṣe ìbò abẹ́lé. Káàdì inú àpò nìkan kò tó.

(ii) Ẹ lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Bí ẹgbẹ́ bá ń lo aṣojú, níbẹ̀ ni iṣẹ́ yíyan wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a kò bá lọ, àwọn mélòó kan yóò yan ara wọn.

(iii) Bí ẹ bá ní aṣojú, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó tó lọ, ẹ sọ ẹni tí ẹ fẹ́ fún un. Bí ó bá dé, kí ó wá jíṣẹ́.

(iv) Ẹ rántí pé ìbò yín jẹ́ àṣírí. Ẹni tí ó ní káàdì ẹgbẹ́ kan lè dìbò fún ẹgbẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ẹ béèrè bí àwọn náà ṣe ń yan olùdíje wọn.

(v) Ẹ má ta ìbò yín. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Owó ìtanràn wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

(vi) Ẹ má jókòó sílé. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó nínú ìbò ààrẹ ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Labour Party ní ìbò 582,454. APC ní 572,606. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 9,848. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó lé ní 7,000,000, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jáde kò tó 1,400,000. Kì í ṣe gbogbo àwọn yòókù ni ọ̀rọ̀ sú. Àwọn kan kò gba káàdì ìdìbò wọn, àwọn kan bẹ̀rù wàhálà. Síbẹ̀, àwọn tí kò dìbò pọ̀ ju àwọn tí ó dìbò lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní gbogbo Nàìjíríà, Tinúbú ni ó wọlé, pẹ̀lú ìbò 8,794,726.

(vii) Ẹ má tìtorí ìbò bá aládùúgbò yín jà. Ní ọdún 2023, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà wọ inú ìbò ní Èkó, ó sì dá ìbẹ̀rù sílẹ̀. Ní Ládìpọ̀, Yorùbá àti Ígbò ni ó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìbò bá kọjá, ọjà ṣì wà.

6. ÌPARÍ ÌTÀN

Bàbá kò ya káàdì rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò abẹ́lé, ó lọ sí ìpàdé wọ́ọ̀dù. Ó dìde, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, àwọn mẹ́ta wo ni ó lọ sí Abuja fún wa? Ta ni ó yàn wọ́n? Ọjọ́ wo ni?" Ilé pa rọ́rọ́. Alága ní kí Bàbá jókòó, ọ̀rọ̀ náà yóò dé etí àwọn àgbà. Bàbá ní: "Èmi náà, àgbà ni mí." Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ó wà lẹ́yìn dìde, wọ́n béèrè ohun kan náà.

Ní ọjọ́ ìbò, Bàbá tẹ̀ka sí ibi tí ó fẹ́. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà jáde, ó tẹ̀ka sí ibi tí ó fẹ́. Wọn kò bi ara wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, ọmọ náà tún wá sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá mi."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìpàdé wọ́ọ̀dù tiwa ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ti ẹgbẹ́ tìrẹ ńkọ́?"

"Mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, sà."

"Lọ béèrè. Má jẹ́ kí ó pẹ́ bíi tèmi."

Ọ̀RỌ̀ TÍ A KỌ́

Ìbò abẹ́lé: ìbò tí ẹgbẹ́ fi ń yan ẹni tí yóò dúró fún un.
Olùdíje: ẹni tí ó ń du ipò.
Aṣojú: ẹni tí a rán lọ dìbò fún wa.
Ìfohùnṣọ̀kan: kí gbogbo ènìyàn gbà sí ohùn kan.
Owó ìtanràn: owó tí òfin ní kí ẹlẹ́ṣẹ̀ san.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Ọ̀nà mélòó ni òfin ọdún 2022 gbà fún ìbò abẹ́lé? Ẹ dárúkọ wọn.
2. Aṣojú mélòó ni APC mú láti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2022? PDP ńkọ́?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ẹgbẹ́ òṣèlú àti ìdílé?
4. Bí owó oṣù yín bá jẹ́ ₦70,000, oṣù mélòó ni ẹ ó fi ṣiṣẹ́ kí ẹ tó rí ₦100,000,000?
5. Ẹ kọ orúkọ wọ́ọ̀dù yín sílẹ̀. Níbo ni ẹgbẹ́ yín ti ń ṣe ìpàdé níbẹ̀? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ lọ béèrè kí a tó tún pàdé.