Báńdì Ilé-Ìwé ní Ìgbèríko Texas

ÌBÉÈRÈ: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ orin. Mo fẹ́ darí báńdì ilé-ìwé ní ìlú kékeré, ṣùgbọ́n mi ò ríṣẹ́. Níbo ni kí n wá a sí? – Afunfèrè, Houston.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire oyè. Iṣẹ́ ń bẹ, àsìkò ló ṣòro mú. Olùdarí kan ṣoṣo ni báńdì ìlú kékeré sábà máa ń ní. Ìgbà tó bá lọ ni àyè máa ń ṣí. Ní Texas, olùkọ́ lè fiṣẹ́ sílẹ̀ láìjìyà títí di ọjọ́ 45 ṣáájú ìwọlé, nítorí náà oṣù karùn-ún sí ìkeje ni kí ẹ lajú sílẹ̀ jù lọ.

Ẹ máa yẹ ìkànnì ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan wò, àti ti Education Service Center (ilé-iṣẹ́ tó ń ran àwọn ilé-ìwé lọ́wọ́) agbègbè tó wù yín. Irú Center bẹ́ẹ̀ 20 ló wà ní Texas. Ẹ tún lọ sí ìpàdé Texas Music Educators Association ní San Antonio, loṣù kejì. Ẹ kí àwọn àgbà olùdarí níbẹ̀, torí àwọn ni ọ̀gá ilé-ìwé máa ń bi léèrè ẹni tó mọṣẹ́.

Kí ẹ tó gba iṣẹ́, ẹ béèrè iye ọmọ, ipò tí àwọn fèrè wà, àti ilé gbígbé. Ẹ̀yin nìkan lè máa kọ́ wọn láti kíláàsì kẹfà dé ìkejìlá. Wọ́n tiẹ̀ lè ní kí ẹ wa bọ́ọ̀sì (mi ò ṣàwàdà o!).

Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ lẹ ń lò, ẹ rí lọ́yà tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ẹ tó fọwọ́ síwèé iṣẹ́ kankan.