Ẹ̀kọ́ 17: Atẹ́gùn, ẹsáńsì àti gbígbóná ẹ̀rọ alùpùpù

Alùpùpù ti di ẹsẹ̀ fún wa. Òun ló ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, òun náà ló ń gbé àgbàdo lọ sọ́jà. Bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́, owó oko ọdún kan lè bá a lọ.

Ẹsáńsì nìkan kò lè jó nínú ẹ̀rọ. Ó gbọ́dọ̀ dà pọ̀ mọ́ atẹ́gùn. Kàbírátọ̀ ni wọ́n ti ń dà pọ̀. Bí ẹsáńsì bá jẹ́ gíráàmù 1, atẹ́gùn tí yóò bá a jó tó nǹkan bíi gíráàmù 15.

Báwo lẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó dọ́gba? Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù, ẹ tú bùjí, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀.

1. Bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ẹsáńsì pọ̀ jù. Èéfín dúdú á máa jáde, owó yín á máa ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ wo asẹ́ atẹ́gùn: eruku ọyẹ́ lè ti dí i. Ẹ gbọn eruku náà dà nù.

2. Bó bá funfun bí eérú, ẹsáńsì kéré jù, tàbí ẹ̀rọ ń gbóná jù. Èyí ló burú jù, nítorí irin inú ẹ̀rọ lè yọ́. Ẹ wo rọ́bà tó so kàbírátọ̀ mọ́ ẹ̀rọ. Bó bá ti ya, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìdọ̀tí sì lè dí ọ̀nà ẹsáńsì.

3. Bó bá rí bí ẹ̀pà tí a yan, ó dára. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ìṣó kékeré kan wà lára kàbírátọ̀ tí a fi ń tún un ṣe. Kí ẹ tó yí i, ẹ sàmì sí ibi tó wà. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé èéfín ẹ̀rọ nínú yàrá ń pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ gbóná díẹ̀. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fetí sílẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ti dún já gaara, ẹ dúró níbẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ dá ìṣó padà sí ojú àmì, kí ẹ lọ bá mẹkaníìkì.

Bákan náà ni ti ọkọ̀ òfurufú kékeré. Lókè, atẹ́gùn fẹ́lẹ́, nítorí náà awakọ̀ ń dín ẹsáńsì kù.

Atẹ́gùn ló tún ń mú ẹ̀rọ alùpùpù tutù. Ẹ ha ẹrẹ̀ kúrò láàárín àwọn irin pẹlẹbẹ tó yí ẹ̀rọ ká. Ẹ máa wo òróró ẹ̀rọ kí ẹ tó jáde. Bí ẹ̀rọ bá gbóná jù, ẹ pa á, kí ẹ dúró sábẹ́ igi. Ẹ má da omi tútù sí i o! Irin rẹ̀ lè sán.

Ìbéèrè
1. Kí ló ń mú kí bùjí dúdú?
2. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ tan ẹ̀rọ nínú yàrá?
3. Ìṣirò: Tẹ́lẹ̀, lítà 1 ń gbé yín rin kìlómítà 40. Nísisìyí, kìlómítà 30 ni. Bí ẹ bá rin kìlómítà 120, lítà mélòó ló ṣòfò?