Ibi Tí Node.js Ti Ń Wá Fáìlì: Ìmọ̀ràn fún Ọ̀dọ́ Ọ̀tan-Ilé

Ọ̀dọ́ tó ń fi Node.js ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tan-Ilé, ìyẹn irinṣẹ́ tí Ryan Dahl gbé jáde ní 2009 kí JavaScript lè ṣiṣẹ́ lórí sáfà, kò gbọdọ̀ kánjú tún iṣẹ́ rẹ̀ kọ tó bá rí àṣìṣe MODULE_NOT_FOUND, nítorí ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé fáìlì tí ó pè kò sí níbi tí ó ní kó wà. Tó bá kọ `require('./oja.js')`, inú fódà fáìlì tó ń pè é ni Node yóò ti wá a, ṣùgbọ́n tó bá fi `fs.readFile` ka `./iye.txt`, inú fódà tí ọ̀dọ́ náà wà nígbà tó pàṣẹ kí ètò bẹ̀rẹ̀ ni Node yóò wò, bí ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni méjì tó ń ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ̀ jọ yà sọ́wọ́ ọ̀tún: ibì kan náà kọ́ ni wọn yóò dé. `path.join(__dirname, 'iye.txt')` ló ń yanjú èyí, torí pé `__dirname` dúró fún fódà tí fáìlì ètò náà wà gan-an.

Orúkọ fáìlì pàápàá lè fa irú àṣìṣe yìí: Windows kì í sábà ya `Oja.js` sọ́tọ̀ sí `oja.js`, ṣùgbọ́n Linux, tó wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà, ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àmì ohùn tún le jù bẹ́ẹ̀: `ọjà` tí wọ́n tẹ lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n tẹ àmì rẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ojú kò ní rí ìyàtọ̀ kankan. Ó dun ni láti sọ fún ọmọ Yorùbá pé kó yọ àmì kúrò lórí orúkọ fáìlì, àmọ́ inú fáìlì náà ni kó ti fi gbogbo àmì sí i pé.